Sílìn Kọ́ Ni Eku Ń Jẹ

Gbólóhùn kan wà tó mọ́ àwọn káfíńtà Abúlé Ẹ̀gbá ní Èkó lẹ́nu: “Ẹ jẹ́ ká fi PVC ṣe é, ẹ ó sinmi. Eku kì í jẹ PVC.” Onílé á gbọ́, ayálégbé á gbọ́, wọ́n á tú pláíwúùdù tó ti jẹrà sílẹ̀, wọ́n á kan èyí tó ń dán gbinrin mọ́ àjà, owó á sì ti lọ. Kì í pẹ́ kí gìrìgìrì òru tó tún bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò kan á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn, òmíràn á ní kí wọ́n lọ ra oògùn eku ní ọjà Ilé-Epo, ẹlẹ́ẹ̀kẹta á ní ológbò ni kí wọ́n wá máa sìn. Ìbéèrè tí kì í wá sẹ́nu ẹnikẹ́ni ni pé, kí ni eku ń wá lókè yẹn gan-an?

Àṣìṣe tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ. A gbà pé sílìn ni eku ń jẹ, a wá rò pé bí a bá gbé èyí tí kò ṣeé jẹ síwájú rẹ̀, á kẹ́rù rẹ̀ kúrò. Eku kì í jẹ sílìn. Ó ń gé e ni, kó lè ráyè kọjá, tàbí kó lè rí nǹkan tẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí kó wo ilẹ̀ lábẹ́ ihò tí eku ṣẹ̀ṣẹ̀ lu: èérún pláíwúùdù á wà níbẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó gé e sílẹ̀ tí kò gbé e mì. Ká ní búrẹ́dì ni, ẹ kò ní bá èérún kankan ńbẹ̀.

Eyín iwájú mẹ́rin ni eku fi ń ṣiṣẹ́ yìí, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, wọn kì í sì í dáwọ́ híhù dúró láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti yọ títí eku fi máa kú. Ti eku ńlá lè hù ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ láàárín ọdún kan. Iwájú eyín náà nìkan ni èèpo líle bò, irin tó wà nínú èèpo yìí ló sì fún un ní àwọ̀ ọsàn tí ẹni tó bá ti pa eku rí á ti kíyè sí. Ẹ̀yìn eyín rọ̀ ju iwájú lọ. Ẹ̀yìn ló ń tètè jẹ, iwájú á ṣẹ́kù díẹ̀, ojú eyín á sì máa mú nígbà gbogbo bíi kísẹ́ẹ̀lì tí káfíńtà ń pọ́n lójoojúmọ́.

Níbí ni àwọn tó kàwé ti máa ń ṣe àṣìṣe tiwọn. Wọ́n á ní dandan ni kí eku máa gé igi, pé bí kò bá gé igi, eyín á gùn títí á fi dí i lẹ́nu. Òtítọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀: eku tí àgbọ̀n rẹ̀ wọ́, tí eyín òkè rẹ̀ kì í bá ti ìsàlẹ̀ pàdé, eyín rẹ̀ á gùn, á sì di wàhálà sí i lára. Ṣùgbọ́n eku tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kò nílò igi ẹnikẹ́ni. Eyín ìsàlẹ̀ ló fi ń lọ ti òkè, ó sì lè ṣe é nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́ tí kò ní nǹkan kan lẹ́nu. Kò sí ohun tó ń fi dandan mú un gé sílìn wa. Bí kò bá nídìí tó fi fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, kò ní fọwọ́ kàn án.

Bó bá wá nídìí, ta ni yóò dá a dúró? Lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń wọn bí òkúta ṣe le tó, iwájú eyín eku tó nǹkan bíi 5.5, irin lásán kò sì ju nǹkan bíi 4 lọ. Eku ń gé páìpù òjé, ó ń gé páànù tínrín, ó ń gé kọnkéré tí bíríkìlà fi yanrìn bà jẹ́. Kí wá ni PVC, ọ̀rá líle tó ṣófo nínú, tí ènìyàn ń fi ọ̀bẹ gé?

Yàtọ̀ sí irin tó nípọn, ohun kan ló ń ṣòro fún eyín náà, ìyẹn ojú tó tẹ́jú. Eku kò lè fi eyín bẹ̀rẹ̀ láàárín ibi tó tẹ́ tó sì ń yọ̀; ó gbọ́dọ̀ rí etí, igun tàbí ihò kékeré tí eyín lè kọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ káfíńtà ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀ nìyẹn, torí ojú PVC tẹ́jú, ó sì ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni òun dúró sí tó fi ń wò ó. Eku wà lókè, níbi tí ẹ̀yìn pátákó náà ti ní ìlà tó yọ sókè, níbi tí etí tí wọ́n fi ayùn gé ti kan ògiri, níbi tí wọ́n ti lu ihò fún gílóòbù àti fáànù. Etí wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Mi ò fẹ́ parọ́ mọ́ PVC o. Ikán kì í jẹ ẹ́, òjò tó ń jò kì í sọ ọ́ di ẹ̀kọ, ó sì mọ́ lójú. Bí ẹnì kan bá fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn, owó rẹ̀ kò sòfò. Bó bá rà á nítorí eku, ó ti ra ilé tuntun fún eku.

Ó yẹ ká mọ àwọn tó ń gbé òkè yẹn, torí ìwà wọn kò dọ́gba. Èkúté kékeré, tí kò wúwo tó gíráàmù 30, ni ọ̀kan. Èkejì ni eku àjà gan-an, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rattus rattus: ara rẹ̀ tín-ín-rín, etí rẹ̀ gbòòrò, ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, ó sì ń rìn lórí wáyà iná bí ẹni ń rìn lójú títì. Ẹ̀kẹta ni eku gọ́tà, Rattus norvegicus, tó wúwo, tí ìrù rẹ̀ kúrú ju ara rẹ̀ lọ, tó fẹ́ràn kó gbẹ́ ilẹ̀ ju kó gun òkè lọ. Ẹ kò ní láti rí wọn kẹ́ ẹ tó mọ èyí tó wà lọ́dọ̀ yín. Ìgbẹ́ wọn ń sọ̀rọ̀. Ti èkúté kò ju mílímítà 3 sí 6 lọ. Ti eku àjà tó nǹkan bíi 12, orí rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó. Ti eku gọ́tà gùn tó nǹkan bíi 18, orí rẹ̀ sì rí kuku. Asín tí gbogbo ayé ń pariwo lé lórí nítorí òórùn rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ara wọn. Kòkòrò ni asín ń jẹ, kì í gé igi, kì í gé wáyà. Ẹni tó bá pa asín nítorí sílìn ti pa aláìmọwọ́mẹsẹ̀.

Àwíjàre kan tún wà tí mo máa ń gbọ́ ládùúgbò, pé ọjà Ilé-Epo ló ń rán eku sí wa, tàbí ààtàn ńlá tó wà ní Abúlé Ẹ̀gbá níbí. Ọjà àti ààtàn kún fún eku lóòótọ́. Ṣùgbọ́n eku kì í wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Èkúté kékeré kì í sábà jìnnà sí ìtẹ́ rẹ̀ ju nǹkan bíi mítà 10 lọ, eku àjà náà kì í sábà kọjá nǹkan bíi mítà 30 sí 50 lálẹ́. Èyí tó ń sáré lórí yín lóru òní, inú ọgbà yín ni wọ́n bí i sí, inú ọgbà yín náà ló ti ń jẹun: garawa ìdọ̀tí tí kò ní ìdérí, àgbàdo adìyẹ, ìkòkò tí wọn kò fọ̀ mọ́jú. Àjà kì í ṣe ilé ìdáná rẹ̀. Yàrá ìbùsùn rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká gòkè lọ wò ó. Bí káfíńtà bá tú pátákó kan sílẹ̀ ní ilé tí eku ti pẹ́ sí, ohun tó kọ́kọ́ ń bọ́ lulẹ̀ ni eruku dúdú pẹ̀lú ìgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìtẹ́: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n fà ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, òwú tìmùtìmù, àkísà, ṣùkù àgbàdo, èèpo ẹ̀pà. Lára igi òrùlé, ẹ ó rí ojú ọ̀nà kan tó dúdú tó sì ń dán, nítorí pé ọ̀rá ara eku ń kan ibẹ̀ lójoojúmọ́ tó bá ń kọjá. Ojú ọ̀nà yẹn ni kẹ́ ẹ fi ojú tọ̀. Kò lọ sọ́nà sílìn rárá. Etí òrùlé ló lọ. Ó sì ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí wáyà iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti gé ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò, tí bàbà rẹ̀ hàn síta, tí ìtẹ́ gbígbẹ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìyẹn kò ní sọ pé ariwo òru ni wàhálà tí eku ń fà.

Páànù tí wọ́n fi ń bo ilé báyìí máa ń ga, á tún lọ sílẹ̀, láti etí kan dé èkejì. Ibi tó ga yẹn kì í kan pákó orí ògiri, àlàfo á wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ihò tí bírò bá ti wọ̀, bíi mílímítà 6 sí 7, èkúté kékeré lè gbà á. Èyí tó bá tó mílímítà 12 ti tó eku ńlá. Ẹ wá ka iye ìlà tó wà ní etí páànù ilé kan, kẹ́ ẹ fi ihò páìpù ẹ́síì kún un, ihò wáyà NEPA, àti ibi tí fáṣíà ti jẹrà tí kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Àwọn àgbà tó sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, ẹnu ògiri ni wọ́n ní ká wò. Àwa ń kun ògiri ní ọ̀dà tuntun, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ gbayawu.

Ní ilé “face-me-I-face-you”, tó ṣì pọ̀ ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ wa ju bí àwọn tó ń polówó ilé ṣe ń sọ lọ, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan dé ibi tí sílìn wà, ó dúró ńbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé abẹ́ páànù, kò sí ògiri mọ́: àjà kan ṣoṣo ló bo yàrá mẹ́wàá. Ayálégbé yàrá kẹta á yọwó rẹ̀, á fi PVC ṣe tirẹ̀. Eku tó ń sùn lórí rẹ̀ á sún sórí yàrá kẹrin, á máa gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀, alẹ́ á sì lẹ́ kó tún sáré kọjá lórí PVC tuntun. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi májèlé sí yàrá keje, orí yàrá kẹta ni òkú rẹ̀ lè ti máa rùn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mi ò mọ ibi tí òwe yẹn ti bá ìṣẹ̀lẹ̀ mu tó ilé olójúlé mẹ́wàá tó ní àjà kan.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí bá. Ó bá àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi náà, wọ́n sì yanjú rẹ̀. Yàrá inú ọkọ̀ ńlá ní pákó tí wọ́n fi bo irin ara ọkọ̀ nínú, kí ooru àti òtútù má baà wọlé, kí ojú má sì máa rí irin gbayawu. Láàárín pákó àti irin, àlàfo wà tí páìpù àti wáyà ń gbà. Ibẹ̀ ni eku ń sùn, tó ń bí sí, tó sì ń gbà láti yàrá dé yàrá láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí pákó bá bàjẹ́, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, bí a ti ń pààrọ̀ sílìn. Ní 1898, Paul-Louis Simond, dókítà ará Faransé, fi hàn ní Karachi pé kòkòrò tó ń fò lára eku ni ó ń gbé àrùn plague láti ara eku dé ara ènìyàn. Láti ìgbà náà ni eku inú ọkọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìjọba. Gáàsì olóró ni wọ́n ń fín sínú ọkọ̀. Àdéhùn ìlera tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Paris ní 1926 pàṣẹ pé kí ọkọ̀ máa gba ìwé ẹ̀rí oṣù mẹ́fà mẹ́fà pé wọ́n ti pa eku inú rẹ̀ tàbí pé kò ní eku.

Gáàsì pa eku lóòótọ́. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀ sí èbúté mìíràn, eku mìíràn á gba okùn gòkè, á bá àlàfo tí ti àná fi sílẹ̀, á sì gba ibẹ̀. Lẹ́yìn 1920 ni àwọn bíi Grubbs àti Holsendorf, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, mú ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn: ẹ fi gáàsì sílẹ̀ ná, ẹ wo ẹ̀yìn pákó. Wọ́n ní kí àwọn akọ́lé-ọkọ̀ má kọ́ àlàfo tí kò wúlò sínú ọkọ̀ mọ́, kí wọ́n fi irin dí èyí tí wọn kò bá lè yẹ̀ sílẹ̀, kí àwọ̀n onírin sì wà níbi gbogbo tí páìpù bá ti gba ògiri kọjá. Ọkọ̀ tí wọ́n bá kọ́ báyìí, eku tó bá wọ̀ ọ́ kò ní rí ibi sùn. Títí di òní, àwo irin ribiti tí ẹ máa ń rí lára okùn ọkọ̀ ní Àpápá, eku ló wà fún. Ìwé ẹ̀rí oṣù mẹ́fà náà kò kú; ó yí orúkọ padà nígbà tí òfin ìlera àgbáyé tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007.

Èkó náà jìyà ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1924, àrùn plague bẹ́ sílẹ̀ nílùú, ó sì ń jà fún ọdún mélòó kan. Ìdí rẹ̀ ni ìjọba amúnisìn fi dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, àjọ tó gba àṣẹ láti wó àwọn àdúgbò tó há mọ́ra, kí ó sì tún ìlú tò. Ojú ọ̀nà gbòòrò, gọ́tà wà, kò sẹ́ni tó lè ní ìyẹn kò dáa. Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéèfì ni pé láàárín ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọlọ́kọ̀ ti mọ̀ pé a lè lé eku jáde nínú yàrá láìwó yàrá. Ìmọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Àpápá, kò rí ọkọ̀ wọ Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ní ti oògùn, àwọn tó ń kígbe tà á lábẹ́ afárá ní “Á pa á, á gbẹ ẹ́, kò ní rùn!” Kò sí oògùn eku tó ń gbẹ òkú. Irú èyí tó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé, láti ìgbà tí warfarin ti jáde ní 1948, ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kó má lè dì, eku á máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú títí á fi kú. Ó ń gba ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlọ́ra yẹn sì ni agbára rẹ̀. Eku kò lè bì, nítorí náà ó ń ṣọ́ra fún oúnjẹ tuntun: á tọ́ díẹ̀ wò, á dúró, bí inú bá run ún kíákíá kò ní padà débẹ̀. Oògùn tó lọ́ra ló ń tàn án jẹ. Pé òùngbẹ á gbẹ ẹ́, á wá omi jáde síta lọ kú, ìtàn àwọn tó ń ta oògùn nìyẹn. Ibi tó ń sùn ló sábà ń kú sí, ibẹ̀ sì ni orí sílìn yín. Bí ọ̀kan bá gbẹ láìrùn púpọ̀, ooru abẹ́ páànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan tilẹ̀ ń da ọ̀tápiapia tàbí dichlorvos mìíràn sára ẹja gbígbẹ, wọ́n á jù ú sájà. Oògùn kòkòrò ni dichlorvos, iṣan ara ló ń bá jà, ti ènìyàn náà sì wà lára iṣan tó mọ̀. Òórùn rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀ bá ọmọ tó ń sùn. Ní 2019 ni NAFDAC ti sọ pé kí wọ́n má ta ìgò kékeré rẹ̀, ti mílílítà 100 sísàlẹ̀, nínú ọjà gbogbogbò mọ́, nítorí iye ẹ̀mí tó ń bá a lọ. Ológbò ńkọ́? Ó ń lé eku, kò sí àní-àní. Àwọn olùwádìí tó fi kámẹ́rà ṣọ́ ológbò ìgboro àti eku níbi ìkódọ̀tí kan ní New York, tí ìwádìí wọn jáde ní 2018, rí i pé eku méjì péré ni àwọn ológbò náà pa láàárín ọjọ́ 79; ohun tí àwọn eku yòókù ṣe ni pé wọ́n túbọ̀ ń sá pamọ́. Àjà ni ibi tó dára jù láti sá pamọ́ sí.

Ẹ̀rù ibà Lassa tún wà, ó sì yẹ kí a tún un gbé síbi tó yẹ. Àrùn yìí, tí wọ́n mọ̀ ní 1969 láti ìlú Lassa ní Bọ̀rnó, ara eku oko kan tó ń wọlé, Mastomys natalensis, ni fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ń gbé jù. Kì í ṣe eku àjà, kì í ṣe eku gọ́tà, kì í ṣe èkúté kékeré ilé wa. Ìdí nìyẹn tí Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi fi ń rí i ju Èkó lọ. Àwọn olùwádìí ti rí fáírọ́ọ̀sì náà lára irú eku mìíràn ní Nàìjíríà, wọ́n gbé e jáde ní 2016, nítorí náà ìwé kò tíì parí. Ẹni tó sì dúró lórí àkàbà lóru, tó rí ìrù kan tó wọ òkùnkùn lọ, kò lè fi ìyẹn mọ irú eku tó jẹ́. Yàtọ̀ sí Lassa, ìtọ̀ eku lásán ń kó àrùn leptospirosis ran ènìyàn. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ láé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, ẹ wọ́n ọn títí á fi rin, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ tó fi àkísà kó o sínú ọ̀rá méjì. Bí sílìn náà bá jẹ́ ti asibẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, pátákó wínníwínní aláwọ̀ eérú tó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 2000, ẹ má jẹ́ kí káfíńtà fi òòlù fọ́ ọ tàbí fi ayùn gé e. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ. Kó fi omi rin ín, kó tú ìṣó rẹ̀, kó sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi.

Ṣùgbọ́n títú sílìn ti di iṣẹ́ ìkẹyìn. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹnì kan gun àjà lọ́sàn-án gangan, kó pa iná, kó jókòó jẹ́ẹ́ títí ojú rẹ̀ á fi mọ òkùnkùn. Gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ìta bá ti wọlé, ibẹ̀ ni ọ̀nà eku, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ihò kékeré, ẹ ki kànrìnkàn onírin bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi síméntì rẹ́ ẹ. Fóòmù lásán tàbí àkísà ò lè ṣe é, eku á fi ṣe ìtẹ́. Ìlà abẹ́ páànù ni kẹ́ ẹ fi àwọ̀n irin tí ojú rẹ̀ kò ju mílímítà 6 lọ dí, kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ẹ gé ẹ̀ka máńgòrò tó bá na ọwọ́ sórí ilé. Pańpẹ́ onírin ni kẹ́ ẹ fi mú àwọn tó bá há sínú, kẹ́ ẹ gbé e dábùú ojú ọ̀nà dúdú yẹn, kí ibi tí oúnjẹ wà kọjú sí ògiri, torí ara ògiri ni eku ń rìn. Lẹ́yìn náà, ẹ bu pọ́dà lé orí igi, kẹ́ ẹ padà lọ wò ó lówùúrọ̀. Bí ẹsẹ̀ kankan kò bá hàn lórí pọ́dà fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ránṣẹ́ pe káfíńtà, kó fi ohun tó bá wù yín ṣe sílìn, pláíwúùdù, PVC tàbí POP. Kó sì fi ihò kan tó ní ìdérí sílẹ̀ lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, kẹ́ ẹ lè máa gòkè lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, ó sì jọ pé ibẹ̀ ni àṣìṣe yìí ti ń pẹ́ títí. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo wa bá gbà pé sílìn ni wàhálà, inú yàrá ayálégbé ni wàhálà náà wà, òun ni yóò sì sanwó. Bí a bá gbà pé etí òrùlé ni, ọ̀rọ̀ á yí padà. Òfin Ìyálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011, tó kan Abúlé Ẹ̀gbá, sọ pé àyàfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn, onílé ló ni àtúnṣe ìta ilé àti àwọn ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò. Páànù, fáṣíà àti àjà kan tó bo yàrá mẹ́wàá kò sí nínú yàrá ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí káfíńtà bá ń ṣírò iye tí iṣẹ́ máa jẹ, ẹ ní kó kọ ti etí òrùlé sórí ìwé ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ fún onílé níwèé yẹn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sílìn.